Ehoro Dígí Ojú Fèrèsé Solfrid

Oddleiv Naustvik ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò lówó, kò joyè, ìwé ìròyìn kò sì gbé àwòrán rẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá, tí wọ́n ya gbogbo wa pọ̀, tí òun wà lẹ́yìn pátápátá, tí fìlà ẹlòmíì bo ìdajì ojú rẹ̀. Atukọ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò láti erékùṣù wa, Lyngøy, lọ sí èbúté òdìkejì ló ń wà títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá tán, wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn ará àríwá, wọ́n fún Oddleiv ní aago ọwọ́ kan, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ẹni tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìgbà èwe, wọ́n wá ní kó jókòó sójú kan. Ó jókòó. Kò pẹ́ sígbà náà ni Solfrid, ìyàwó rẹ̀, kú.

Èmi ni Reidulf. Ilé mi àti tirẹ̀ kọjú síra, ọgbà pòtétò ló wà láàárín wa. A jọ máa ń lọ pẹja. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀, òun a máa gbọ́. Bí mo bá dá àpárá lówùúrọ̀, ó lè di ìgbà tí a bá ń kó àwọ̀n wálé kó tó rẹ́rìn-ín. Bákan náà ló rí láàárín òun àti Solfrid. Ilé wọn máa ń dákẹ́, àmọ́ kì í ṣe ìdákẹ́ àwọn tó ń jà. Èèyàn méjì tó ti sọ èyí tí wọ́n fẹ́ sọ tán ni mo máa ń pè wọ́n. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì wọ́n mú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jorunn ọmọ wọn obìnrin wá láti ìlú ńlá láti bá bàbá rẹ̀ kó aṣọ jọ. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá wọn gbé àpótí. Jorunn dé ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó gbé ehoro kékeré kan tí wọ́n fi dígí ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí èéfín tó wọ inú omi. Ó ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹran tó gbọ́ ìró kan nínú igbó. Etí rẹ̀ ọ̀tún nà ṣánṣán, ti òsì sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ewé tó rọ.

"Bàbá, ta ló ṣe eléyìí?"

"Ti ìyá rẹ ni."

"Mo mọ̀ pé ti màmá ni. Ta ló ṣe é? Ta ló fún wọn?"

Oddleiv la ẹnu, ó tún pa á dé. "Ó ti ní in kí n tó fẹ́ ẹ."

"Ẹ ò wá bi wọ́n rí?"

Jorunn kò ní i lọ́kàn láti ba bàbá rẹ̀ nínú jẹ́. Ó nu eruku ara ehoro náà, ó gbé e síbi tó wà, nígbà tó di ọjọ́ Àìkú ó padà sí ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti há bàbá rẹ̀ lọ́fun bí egungun ẹja.

Òtútù ọdún náà le. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti máa ń rí i tó jókòó ti tábìlì, ehoro níwájú rẹ̀, tí kọfí ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń yí i sókè, ó ń yí i sódò, ó ń fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ìdí rẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí àmì, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan mo gbọn yìnyín kúrò lára bàtà mi, mo wọlé tọ̀ ọ́.

"Ṣé ó ti dá ẹ lóhùn?"

"Ta ni?"

"Ehoro. O ti ń bá a sọ̀rọ̀ ọjọ́ ti pẹ́."

"Èèyàn ló ṣe é, Reidulf."

"Èèyàn náà ló ṣe bàtà mi. Mi ò tìtorí ẹ̀ sọkún."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó lé ní ogójì ọdún tí mo bá a gbé. Bí o bá bi mí pé báwo ló ṣe fẹ́ kọfí rẹ̀, mo mọ̀. Orúnkún tó máa ń ro ó bí òjò bá fẹ́ rọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Nǹkan tó ń wò láràárọ̀ kó tó wo ojú mi, mi ò mọ ẹni tó ṣe é."

"Ó lè jẹ́ ọkùnrin kan."

Àwàdà ni mo fi ṣe. Àmọ́ bó ti jáde lẹ́nu mi tí mo rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó.

Furulia ni Solfrid ti wá, lókè lọ́hùn-ún láàárín igbó, níbi tí wọn kì í ti í gbọ́ òórùn òkun. Ilé iṣẹ́ dígí wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tó wà lọ́mọge, òun àti àwọn obìnrin mìíràn ló ń fi koríko wé ife àti àwo, tí wọ́n ń dì wọ́n sínú àpótí. Iṣẹ́ ológun ló gbé Oddleiv dé àdúgbò náà. Ó rí i, ó fẹ́ ẹ, ó mú un wá sí etíkun. Solfrid kò padà lọ mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ò pẹ́ láyé, ọ̀nà jìn, ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kò sì ní ọjọ́ ìsinmi.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lójú ọ̀nà, Oddleiv fi ìborùn Solfrid wé ehoro náà, ó gbé e sínú agolo bísíkítì, ó gé búrẹ́dì àti wàràkàṣì dání. Mo ní kí n sìn ín lọ.

"Rárá," ló wí. "Wàá máa sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá wọ ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun ló sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀gún kúrò lára aṣọ. Èyí tí kò sọ, Tordis sọ ọ́ nígbà tó wá kí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Tordis ni obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Furulia. Ilé iṣẹ́ dígí ti kógbá sílé, iná ìléru ti kú, àwọn ará ìlú wá sọ apá kan rẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Irun obìnrin náà pọ́n bíi ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Oddleiv nìkan ni àlejò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ṣé ọ̀nà jìn?"

"Lyngøy ni mo ti wá."

"Háà! Ẹ mà rìn o. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n gbé kọfí wá."

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi nǹkan kan hàn ọ́."

Ó tú ìborùn. Tordis gbé ehoro náà síbi ìmọ́lẹ̀. Ó wá mú bàbá lọ síbi pẹpẹ kan tí béárì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ wà, gbogbo wọn jẹ́ dígí aláwọ̀ èéfín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: A kò mọ ẹni tó ṣe wọ́n.

"Dígí tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò, bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe nǹkan tara wọn lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Wọn kì í kọ orúkọ sí i. Àwọn èèyàn ní Asbjørn Kvernmo, ọ̀gá àwọn tó ń fẹ́ dígí, ló ṣe àwọn wọ̀nyí. Òun ló fẹ́ràn ẹranko."

"Ṣé Asbjørn yìí ṣì wà?"

"Ó ti kú tipẹ́."

"Ṣé ó... ṣé ó níyàwó?"

Tordis wò ó. "Ó ní, bàbá. Ó sì bí ọmọ púpọ̀." Ohun tí bàbá ń wá yé e, àmọ́ ó ṣe bí ẹni tí kò yé.

Ó mú béárì mìíràn wá, èyí tí ìdílé Asbjørn fúnra wọn gbé wá fún un, ó gbé e ti ehoro. "Ẹ wo etí béárì yìí. Ara dígí kan náà ni Asbjørn ti fà á yọ. Ti ehoro yín, ẹni tó ṣe é ṣe etí lọ́tọ̀, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. Ọwọ́ kan náà kọ́ ló ṣe wọ́n." Ó yí ehoro náà padà. "Kí wá lèyí?"

Lẹ́bàá ìrù, àwọn ojú eyín wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, bí ibi tí eku ti bu nǹkan jẹ. Tordis lọ wo gbogbo àlùmọ́gàjí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń gé dígí gbígbóná, tó so mọ́ ògiri. Ẹnu gbogbo wọn dán. Ó wá gbé àwọn ẹranko orí pẹpẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú eyín náà wà lára wọn.

Nígbà tó ń wò wọ́n lọ́wọ́, Oddleiv ti rìn wọ yàrá kejì. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń di ẹrù. Ó kàn fẹ́ rí ibi tí Solfrid máa ń dúró sí ni. Tábìlì gígùn wà níbẹ̀, àpótí àti koríko gbígbẹ, àlùmọ́gàjí kúkúrú kan sì so kọ́ orí ìṣó. Ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀. Ó rí gbágungbàgun.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń fi èyí gé?"

"Okùn ni, bàbá, okùn àpótí..." Tordis dúró sójú kan. Ó sáré wọlé.

Kò sí amọ̀ nítòsí tí wọ́n lè fi gba ojú eyín rẹ̀, kò sí àbẹ́là. Oddleiv ló yọ wàràkàṣì rẹ̀ tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa jáde nínú àpò, wọ́n fi àlùmọ́gàjí náà bù ú. Wọ́n gbé e ti ìdí ehoro. Eyín kan ti kán lẹ́nu àlùmọ́gàjí. Àlàfo eyín náà wà lára wàràkàṣì, ó wà lára dígí.

"Obìnrin ni," ni Tordis wí. "Obìnrin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yìí. Wọn kì í sì í jẹ́ kí obìnrin dé ìdí iná. Bàbá, àbí ìyàwó yín ni?"

"Solfrid? Bí Solfrid bá ya ológbò, àga lẹ máa pè é."

Oddleiv jókòó lórí àpótí. Ó ní ohun kan sọ̀ kalẹ̀ lórí òun bí ẹni sọ ẹrù, kò sì pẹ́ tí ojú fi ń ti òun pé òun ti ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn obìnrin yàrá yìí," ni Tordis wí. "Ẹ wọ kóòtù yín. Màá fi mọ́tò gbé yín lọ."

Ilé obìnrin náà, Borghild Sagstuen, wà níbi tí ọ̀nà pin sí, igi yí i ká. Tordis dúró sínú mọ́tò. Oddleiv kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà gíga kan ṣí i, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Kò wo ojú àlejò. Ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ àlejò ló ń wò.

"Solfrid dà?"

Láti inú ọkọ̀ ojú irin ni Oddleiv ti ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Gbogbo rẹ̀ pòórá.

"Ó ti kú, mà. Kí Kérésìmesì tó dé."

Ìyá náà dúró, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni atukọ̀ yẹn."

"Èmi ni, mà."

"O kúrú ju bí mo ṣe rò lọ." Ó yà fún un. "Bọ́ bàtà ẹ sílẹ̀. Wọlé."

Ó gbé kọfí kaná. Ó bù ú sí ife méjì.

"Kí ló ṣe é?"

"Ọkàn ni, mà. Ó lọ gbé igi wá láti ìta."

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Wọ́n ní kò pẹ́."

"Ó dáa." Ó gba ehoro náà. Kò fi ojú wò ó. Àtàǹpàkò ló fi ń wò ó, láti ẹ̀yìn dé orí, dé etí tó tẹ̀. "Asbjørn ló kọ́ mi. Bí àwọn ọkùnrin bá ti lọ jẹun, ó máa ń fi ẹnu ìléru sílẹ̀ fún mi. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá bá mi níbẹ̀, á lé èmi àti Asbjørn lọ sílé. Solfrid ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn ẹ̀ burú!"

"Kò dáa títí tó fi kú, mà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà.

"Ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ lé ọ lọ ni mo ṣe èyí. Mo ti fi etí kan sí i. Mo ń fi ìkejì sí i lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tó ké orin bí ewúrẹ́. Mo tì í sínú eérú gbígbóná, mo sá. Etí bá tẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe òmíràn. Ó ní láéláé, èyí lòun ń mú lọ."

"Ẹ ò wá ríra mọ́, mà?"

"Káàdì Kérésìmesì. Ó kọ, mo kọ, fún ọdún díẹ̀. Lọ́dún kan tirẹ̀ ò dé. Mo ní, ó dáa, kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tèmi ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kí òun náà máa dúró. Èèyàn a kàn máa dúró, atukọ̀. Ọjọ́ a sì máa lọ." Ó da kọfí díẹ̀ sínú àwo ife rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Ṣé ó dárúkọ mi rí?"

Oddleiv sọ fún mi pé òun ti wa ọkọ̀ nínú ìjì tí àwọn tó wọkọ̀ ń pe orúkọ ìyá wọn, ẹ̀rù kò sì ba òun tó ìgbà yẹn. Irọ́ wà nítòsí, irọ́ kékeré kan báyìí tí kì bá ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kò pa á.

"Rárá, mà. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yín."

Ìyá náà mi orí. Ó wo ìta, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi igi.

"Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà, mà," ni Oddleiv wí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́kàn òun rí kó tó bọ́ sí òun lẹ́nu. "Ojú fèrèsé ló ń gbé e sí. Èmi a máa kọ ojú rẹ̀ sí òkun, torí mo rò pé òkun ló yẹ kí nǹkan máa wò. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá a pé ó ti kẹ̀yìn sí òkun, ó ti kọjú sí orí òkè, sí ìhà ibí. Màá tún yí i. Òun náà á tún yí i. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe ní gbogbo ọdún tá a fi wà pọ̀. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú wa. Èrò mi ni pé ibi tí wọ́n ti ń nu eruku ló ti ń yí."

Borghild gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ehoro náà bí ẹni fẹ́ mú un móoru.

"Olórí kunkun ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Nígbà tó fẹ́ dìde, Oddleiv ní kí ehoro dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìyá náà tì í padà sí i lọ́wọ́. "Ohun tí mo bá ti fún èèyàn, mi ò kí ń gbà á. Wé e dáadáa."

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ ti orúkọ, wàhálà gidi ni Tordis rí níbẹ̀. Ó padà lọ bá Borghild kó lè yọ ìwé tó wà lábẹ́ àwọn ẹranko náà, kó kọ orúkọ sí i. Ìyá àgbà ní, "Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe báyìí? Ṣé kí n fi jẹ búrẹ́dì?" Tordis bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó ní gbólóhùn kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kún un. Ohun tó wà lórí pẹpẹ náà dòní ni pé: Borghild Sagstuen ló ṣe wọ́n. Solfrid ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí Oddleiv dé, mo ti se pòtétò dè é. Bó ṣe jókòó ni mo bi í.

"Ṣé ọkùnrin ni?"

"Obìnrin ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!"

"Èwo lọpẹ́ níbẹ̀?" Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Ká ní ọkùnrin ni, ǹ bá bínú, ìbínú á sì lọ. Solfrid ní ẹnì kan tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, Reidulf. Èmi wà nínú ilé, mò ń yí ehoro."

Mo ti àwo pòtétò sún mọ́ ọn.

Ó gbìyànjú láti máa bá Borghild sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, àmọ́ etí ìyá náà ti di. Òun a pariwo, ìyá a pariwo, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ó ní kó di ìgbà ìkórè, òun á tún lọ. Ó ti ń ya ẹja pańla sọ́tọ̀ láti gbé lọ fún un nígbà tí Tordis pè pé wọ́n bá Borghild lórí àga rẹ̀, kọfí nítòsí. Oddleiv lọ síbi ìsìnkú náà. Èèyàn kò pọ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí àwọn ẹbí bọ́ sí iwájú, kò sẹ́ni tó mira, Oddleiv bá lọ dúró níbẹ̀. Òun nìkan ló dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin tán.

Ọjọ́ tó dé, ó gbé ehoro sójú fèrèsé, ó kọ ojú rẹ̀ sí orí òkè. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ara rẹ̀ yá láti ìgbà náà. Ilé rẹ̀ ṣì tutù. Àwo kan, síbí kan. Jorunn ń pè é, ó ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó lè lọ sí òkun, a jókòó ti tábìlì rẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ lórí owó epo ọkọ̀, mo ti bú ìjọba, mo ti bú àwọn tó ra ilé ìsinmi sí etíkun wa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Reidulf, irú èèyàn wo ni àbúrò rẹ?"

Torgils àbúrò mi bómi lọ nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Gbogbo erékùṣù ló mọ̀ ọ́n, Oddleiv pàápàá wà lára àwọn tó wá a kiri. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi náà ò sì sọ ọ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo wo inú ife. Òjò ń na pánù.

Nígbà tó yá mo ní, "Ẹ̀rù ẹṣin máa ń bà á."

Oddleiv fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.